Ta Ló Jí Aṣọ Docilianus?

Ẹ̀yin ò mọ Docilianus. Kò sì sẹ́ni tó máa bá yín wí, torí ó ti lé ní 1,500 ọdún tó ti kú. Èmi náà ò bá a pàdé rí. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ bàbá rẹ̀, Brucerus ni. Mo mọ aṣọ tí wọ́n jí mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo mọ èpè tó gbé olè náà ṣẹ́, látorí oorun rẹ̀ dórí ọmọ tí kò tíì bí. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn bóyá ẹnì kan dúró síbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí máa ta ẹnì kan létí nínú agbo ilé yìí, mi ò sì múra ìjà lónìí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ mọ̀ pé mo lọ wẹ ọmọ fún ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo lọ ṣe. Mo gbọ́, mo sì mọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, tí ìyá rẹ̀ náà ti ń jẹun dáadáa, ni àna mi ní, "Màmá, ẹ ti wẹ ọmọ tó. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ wo ibi tí àwọn ará Róòmù ti ń wẹ̀." Àna mi yìí, ọmọ gidi ni. Kò ga, ó sì fẹ́ràn búrẹ́dì ju ẹ̀bà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì nílùú òyìnbó, ta ló tún ń wo gíga? Ó gbé wa sínú mọ́tò, a kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, ó di ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Bath, lágbègbè Somerset. Ẹ ò ní gba iye àgùntàn tí mo rí lọ́nà gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń dà wọ́n. Kò sí darandaran, kò sí ajá, kò sẹ́ni tó ń jí wọn gbé. Mo ní ká dúró kí n yà wọ́n ní fọ́tò, ọmọ mi ní wọn kì í dúró lójú títì yẹn.

Òkúta tó ṣe àwọ̀ oyin ni wọ́n fi kọ́ ìlú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wò ó títí, ẹ ò ní rí ilé tó yapa. Kò sẹ́ni tó kun tiẹ̀ ní pínǹkì torí pé ọmọ rẹ̀ fowó ránṣẹ́ láti Dubai. Láti 1987 ni UNESCO ti kọ gbogbo ìlú náà mọ́ ara ohun tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú. A ra tíkẹ́ẹ̀tì. Iye tí wọ́n gbà, mi ò ní sọ ọ́, kẹ́ ẹ má baà ní mo ń fọ́nnu. Wọ́n kó ẹ̀rọ kan fún wa tí à ń gbé sétí, tó ń ro gbogbo ìtàn ibẹ̀. Tèmi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wàràwàrà, ni àna mi bá ń túmọ̀ fún mi. Mo sì ń rí i lójú rẹ̀ pé tó bá ti kan ibi tí ìtìjú wà, á fò ó. Ibi tó bá fò ni mo máa ń padà lọ bi ọmọ mi.

Òkè lẹ máa kọ́kọ́ bọ́ sí, ẹ ó wá máa wo omi nísàlẹ̀. Adágún ńlá onígun mẹ́rin ni, òpó òkúta yí i ká, ooru ń rú lórí rẹ̀ lójú òtútù. Omi náà ṣe àwọ̀ ewé, kò ṣeé rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà ayé àwọn tó kọ́ ọ kò rí bẹ́ẹ̀. Òrùlé ńlá wà lórí rẹ̀ nígbà náà, ó ga fíofío, oòrùn ò ráyè wọlé. Ìgbà tí òrùlé wó, tí oòrùn ń ràn sí omi lójú, ni ewéko tíntìntín wá gba inú rẹ̀. Jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.6, ìyẹn ni pé á mu mí dé ọrùn, á sì bo àna mi lẹ́nu. Òjé ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ rẹ̀, 45 pátákó òjé tí wọ́n tò mọ́ra, wọ́n sì wà níbẹ̀ di òní olónìí. Ẹni tó rọ táǹkì omi tiwa níbí kò tíì gba owó rẹ̀ tán tí táǹkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Àwọn ọba Róòmù dúró lókè yẹn pẹ̀lú, ère wọn tò yí ká, wọ́n ranjú mọ́ omi. Mo ti ń kí wọn, "Kábíyèsí o, kábíyèsí o," kí àna mi tó rọra sọ fún mi pé 1894 ni wọ́n gbẹ́ wọn. Ẹ gbọ́ mi bí? Ìgbà ayé Fìktóríà! Àwọn ará ìlú ló fẹ́ ṣí ibẹ̀ fún àlejò ní 1897, wọ́n wò ó pé kò tíì lọ́lá tó, ni wọ́n bá lọ gbẹ́ ọba sí i. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe tún rí ibẹ̀ gan-an ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ti bo gbogbo rẹ̀, wọ́n ti kọ́lé lé e lórí. Ní ìparí àwọn ọdún 1870, Major Charles Davis tó jẹ́ ẹnjiníà ìlú ń wá ibi tí omi ti ń jò, ó gbẹ́lẹ̀ títí, ó kan òkúta Róòmù. Nítorí omi tó ń jò!

Ẹ fẹ́ bi mí bóyá mo wẹ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní 1978, ọmọdébìnrin kan lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ìlú náà, kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí gba imú rẹ̀ wọ ọpọlọ, ọmọ náà sì kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sé e pa. Tó bá wá wù yín láti wẹ omi náà, ilé mìíràn wà nítòsí tí wọ́n ti fa omi ọ̀tọ̀ sí, tí wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀. Ọmọ mi bi mí bóyá mo fẹ́. Mo ní ṣé wọ́n ń wọ ìró wọ ibẹ̀? Ó ní aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni. Mo ní ká máa lọ.

Ṣùgbọ́n omi náà jẹ́ ìyanu. Kò sẹ́ni tó ń dáná sí i. Àwa náà ní tiwa ní Ìkógòsì, mo mọ̀, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Òjò ló rọ̀ sórí àwọn òkè kan tí wọ́n ń pè ní Mendip, láti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Omi òjò yẹn wọ inú àpáta lọ, ó lọ jìnnà sísàlẹ̀ ju kìlómítà méjì lọ, ibi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbóná. Ó gbóná tán, ó wá ibi tí àpáta ti sán, ó gba ibẹ̀ tú jáde, 46 ni ìwọ̀n ooru rẹ̀ ní sẹ́ńtígíréèdì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan lítà lójúmọ́. Lójúmọ́! Kò sí owó iná, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí pé ta ló kàn láti pọnmi.

Ta ló wá kọ́kọ́ rí i? Kì í ṣe èmi ni mo sọ èyí o. Geoffrey ará Monmouth ló kọ díẹ̀ níbẹ̀ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ ní nǹkan bí 1136, àwọn ará ìlú sì fi tiwọn kún un, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn ṣe ń dùn. Wọ́n ní ọmọ ọba kan wà, Bladud, tí ẹ̀tẹ̀ mú. Wọ́n lé e kúrò láàfin, ó di ẹni tó ń da ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ran àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kan ni àwọn ẹlẹ́dẹ̀ bá yíràá nínú ẹrẹ̀ gbígbóná kan, ara wọn dá ṣáṣá. Bladud náà bọ́ aṣọ, ó yíràá. Ó jinná! Ó padà sílé, ó jọba, ó tẹ ìlú dó síbi ẹrẹ̀ náà. Ká ní ó jókòó jẹ́jẹ́ ni, ìtàn ì bá parí sí dáadáa. Ó wá ṣe ìyẹ́ méjì, ó so ó mọ́ apá, ó ní òun á fò bí ẹyẹ. Ó já bọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kú. Ọmọ tó fi sílẹ̀ ni Lear, èyí tí Shakespeare fi ṣe eré, tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lé síta nínú òjò. Ẹ̀ ń rí ìdílé náà? Bàbá fò, ó já. Ọmọ pín ogún tán kó tó kú. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Nípa kí omi woni sàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti olorì kan kí n tó gbàgbé. Mary ará Modena, ìyàwó ọba James Kejì, ti bímọ títí, gbogbo wọn ń kú. Ní 1687 ó wá sí Bath, ó wọ omi. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 1688, ó bí ọmọkùnrin làǹtìlanti. Ẹ rò pé wọ́n bá a yọ̀? Àwọn ọ̀tá gbé e kiri pé irọ́ ni, pé oyún kankan ò sí níbẹ̀, pé inú páànù tí wọ́n fi ń mú ibùsùn móoru ni wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ sí wọ yàrá. Ọ̀rọ̀ náà ràn. Àwọn ìjòyè tún ní ẹ̀sùn mìíràn sí ọba lọ́rùn, ti ẹ̀sìn ló le jù níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ páànù yìí wà láàárín wọn. Kí ọdún yẹn tó parí, ọba ti sá kúrò nílùú tìyàwó tọmọ. Ẹ wá máa sọ pé òfófó ò lágbára.

Samuel Pepys tiẹ̀ ti lọ síbẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú ìyẹn, ní 1668. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó ń kọ lójoojúmọ́ pé kò jọ òun lójú pé ó mọ́, kí èèyàn tó pọ̀ tó yẹn jọ wà nínú omi kan náà. Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó sì wẹ̀.

Kí àwọn ará Róòmù tó dé ni òòṣà kan ti ń gbé inú omi náà, Sulis lorúkọ rẹ̀. Àwọn ará Róòmù dé, wọn ò lé e. Wọ́n fi Minerva tiwọn kún un, ó di Sulis Minerva, wọ́n kọ́lé òòṣà fún un ní nǹkan bí ọdún 60 sí 70 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, wọ́n sì kọ́ balùwẹ̀ tì í. Orí rẹ̀ wà níbẹ̀, idẹ ni, wọ́n fi wúrà pa á. Ní 1727 làwọn lébìrà tó ń gbẹ́ gọ́tà ní Stall Street rí i. Orí nìkan ni, ara rẹ̀ ò sí. Ẹnì kan ti gé e lọ́rùn nígbà kan. Mo wò ó lójú, ó wò mí. Ó lẹ́wà, imú rẹ̀ gún, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òun ni gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí wà, ẹ jẹ́ ká fi í sápá kan ná.

Ìwẹ̀ àwọn èèyàn yìí, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Wọ́n á bọ́ aṣọ síbi tí wọ́n ń bọ́ ọ sí. Ẹ fi ibẹ̀ sọ́kàn o! Wọ́n á fi òróró para. Wọn ò ní ọṣẹ bíi tiwa. Wọ́n á wọ yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á wọ èyí tó gbóná, wọ́n á làágùn, ẹrú á wá fi irin kan tó tẹ̀ ha òróró àti ìdọ̀tí kúrò lára wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó sínú omi tútù. Mo rí ìsàlẹ̀ yàrá gbígbóná náà dáadáa, torí ilẹ̀ òkè rẹ̀ ti ya lọ. Òpó bíríkì kéékèèké ló kún ibẹ̀, wọ́n tò wọ́n tẹ̀léra tẹ̀léra, kò ga dé orúnkún mi púpọ̀. Orí wọn ni ilẹ̀ ilé náà jókòó lé. Wọ́n á dá iná níta, ooru á máa gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀, á máa gba inú bíríkì oníhò tó wà lára ògiri lọ sókè. Ilẹ̀ náà máa ń gbóná débi pé sálúbàtà onípákó ni wọ́n ń wọ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má bó. Ẹrú ló ń dáná o. Ẹ̀rọ etí yẹn sọ ọ́ kíákíá, ó kọjá lọ.

Ariwo ibẹ̀ ńkọ́? Seneca, amòye kan ní Róòmù, gbé lókè balùwẹ̀ kan rí, ó wá kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi ròyìn ohun tí etí òun ń rí. Àwọn tó ń gbé irin ń kérora. Ẹni tó ń wọ́ra fún èèyàn ń gbá wọn lẹ́yìn pàá pàá. Ẹnì kan ń kọrin torí ó gbádùn ohùn ara rẹ̀ nínú balùwẹ̀. A ní irú rẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kí n tọ́ka sí i. Wọ́n mú olè. Àwọn tó ń ta ẹran àti àkàrà òyìnbó ń kígbe ọjà. Ẹni tó ń tu irun abíyá fún èèyàn ń pariwo iṣẹ́, àfi ìgbà tó bá ń tu ti ẹlòmíràn lọ́wọ́ ló máa ń dákẹ́, torí nígbà náà oníbàárà rẹ̀ ló ń ké. Ibí yìí ni àna mi fò. Ọmọ mi ló sọ ọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn ọba gan-an ń bá aráàlú wẹ̀. Wọ́n ní ọba Hadrian rí ọmọ ogun rẹ̀ àtijọ́ kan tó ń fi ẹ̀yìn ha ògiri, ó bi í léèrè. Ọkùnrin náà ní òun ò ní ẹrú tó máa bá òun fọ ẹ̀yìn. Ọba fún un lẹ́rú, ó tún fún un lówó tí yóò fi bọ́ wọn. Ìgbà tí ọba máa fi padà wá, gbogbo àgbààgbà ti tò, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ha ògiri wìrìwìrì. Ọba pè wọ́n jọ, ó ní kí wọ́n máa fọ ẹ̀yìn fún ara wọn. Mo fẹ́ràn ọba yẹn. Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni Caracalla. Bàbá rẹ̀ ni Septimius Severus, ọmọ Áfíríkà wa níbí, Leptis Magna nílẹ̀ Líbíà ni wọ́n ti bí i, York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kú sí ní 211. Kí ọdún yẹn tó lọ, Caracalla ti ní kí wọ́n pa Geta àbúrò rẹ̀, lọ́wọ́ ìyá wọn ni wọ́n sì pa á sí. Nígbà tó fi máa di 216, ó ti ṣí balùwẹ̀ tó tóbi ju tẹni tó ṣáájú rẹ̀ lọ ní Róòmù. Ó fẹ́ wẹ̀ ẹ́ nù, àbí?

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Bath, torí mo rí ìyàwó kan níbẹ̀. Lórí òkúta sàréè ni. Ọkọ rẹ̀, Gaius Calpurnius Receptus, àwòrò Sulis ni, ẹni 75 ọdún ni nígbà tó kú. Ẹni tó kọ́ òkúta náà fún un kọ tiẹ̀ sí i: Calpurnia Trifosa, ẹrú rẹ̀ tó dá sílẹ̀, tó tún jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ó kọ méjèèjì síbẹ̀ fúnra rẹ̀! Kò sẹ́ni tó bi í. Mo dúró níwájú obìnrin yẹn pẹ́. Àwòrò àgbà, tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún, ó ra ọmọbìnrin kan, ó dá a sílẹ̀, ó fẹ́ ẹ. Ẹ rò pé àwọn ìyàwó àwòrò yòókù ń kí i láàárọ̀? Wọn ò kí i. Mo mọ irú wọn. Ṣùgbọ́n òkúta tiwọn dà? Tirẹ̀ ló wà níbẹ̀ tí àwa ń sanwó wò.

Ó kan Docilianus báyìí.

Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n wà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì náà. Òjé pẹlẹbẹ ni, ó tín-ín-rín, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ìlà ibi tí wọ́n ti ká a ṣì wà lára rẹ̀. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi ha ọ̀rọ̀ sí i, lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó wọ́ tìẹ̀tìẹ̀ lọ. Tẹ́nì kan bá sọ nǹkan nù, á jókòó, á kọ ẹjọ́ rẹ̀, á ká òjé náà, á jù ú sínú orísun omi tó ń hó, ó di tòòṣà nìyẹn. Nǹkan bíi 130 ni wọ́n ti rí. Nígbà tí Barry Cunliffe gbẹ́ inú orísun náà ní 1979 sí 1980 ni ọ̀pọ̀ jáde, pẹ̀lú owó ẹyọ tó lé ní 12,000. Roger Tomlin ló jókòó tì wọ́n títí tó fi kà wọ́n. Ọlọ́run á san án lẹ́san. Gbogbo nǹkan táwọn ará Róòmù kọ́ ti wó, òrùlé wọn ti wó, òpó wọn ti wó, ẹjọ́ aṣọ ni kò wó.

Torí ẹjọ́ olè ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Aṣọ àwọ̀sókè onífìlà ni ti Docilianus. Ó ní ẹni tó mú un, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin, ẹrú tàbí ọmọ, kí Sulis pa á, kó má jẹ́ kó sùn, kó má jẹ́ kó bímọ, nísinsìnyí àti lọ́jọ́ iwájú, àfi tó bá gbé aṣọ náà wá sílé òòṣà. Nítorí aṣọ kan! Solinus sọ aṣọ ìwẹ̀ àti àwọ̀sókè nù. Docimedis sọ ìbọ̀wọ́ méjì nù, ó ní kí ojú àti ọpọlọ olè náà sọ nù pẹ̀lú. Ẹnì kan tí wọ́n jí ìkòkò idẹ rẹ̀ ní kí ẹni tó jí i da ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sínú ìkòkò náà. Èyí le, mi ò ní purọ́. Síbẹ̀ ó yé mi. Ẹ̀yin náà rántí aṣọ ìnura pupa mi, èyí tí mo sá sẹ́yìn balùwẹ̀, tí mi ò tíì lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò pe Ayélálà. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wọ sálúbàtà búlúù lọ wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn mọ ara rẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé kò sí akọ̀wé kan tó ń bá wọn kọ ọ́. Wọ́n ní ìwé ọwọ́ wọn yàtọ̀ síra, olúkúlùkù ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá pàápàá, ó ń fa ìlà wọ̀nyẹn lára òjé, wákiwàki, ó jù ú sómi. Sulis á kà á. Àwọn kan kọ ọ̀rọ̀ ní ìdojúdé kí ojú ẹlòmíràn má baà rí i. Ọ̀kan nínú èyí ni ti Vilbia. Vilbia! Ẹnì kan ní kí ẹni tó mú Vilbia mọ́ òun lọ́wọ́ yọ́ bí omi. Kò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó to orúkọ àwọn tó fura sí: Velvinna, Exsupereus, Severinus, Augustalis, wọ́n ṣì ń lọ, ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin. Mo ti ń wò ó lójú ara mi, arẹwà ọmọ kan, gbogbo ilé ń du ú. Ni àna mi bá ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí wọ́n rò pé Vilbia kì í ṣe èèyàn, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun èlò kan. Mo ní kó dákẹ́. Ṣé ohun èlò ni wọ́n ń torí ẹ̀ yọ́ èèyàn bí omi?

Ti ìdílé Uricalus náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n kó ara wọn wá, bàbá, Docilosa ìyàwó rẹ̀, Docilis ọmọ, Docilina, àbúrò bàbá, obìnrin kan báyìí, gbogbo wọn búra níbi orísun ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, wọ́n ní ẹni tó bá búra èké nínú wọn, kó fi ẹ̀jẹ̀ san án. Wọn ò kọ ohun tó fà á. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè! Ogún ni? Ilẹ̀ ni? Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, obìnrin òyìnbó kan báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti ń rò ó látìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. A jọ rò ó díẹ̀. Ilẹ̀ la fẹnu kò sí.

Annianus, ọ̀gá wọn, owó fàdákà mẹ́fà ni wọ́n yọ nínú àpò rẹ̀. Ó ní ẹni yòówù kó jẹ́, ì báà jẹ́ abọ̀rìṣà, ì báà jẹ́ Krìsẹ́ńì, kí òòṣà gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí? Ẹ̀sìn Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìlú náà, ó ti mọ̀ pé Krìsẹ́ńì náà ń jalè. Ó wá kọ orúkọ èèyàn 18 sẹ́yìn rẹ̀. Méjìdínlógún! Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n fún wa lómi náà mu ká tó jáde, èyí tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa. Mínírà 43 ló wà nínú rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bí irin, kò sí iyọ̀ tó lè tún un ṣe. Mo gbé e mì torí owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Inú mọ́tò ni ọmọ mi ti sọ ti Silvianus fún mi, nígbà tó rí i pé ọkàn mi ò tíì kúrò lọ́rọ̀ olè. Kì í ṣe Bath ni tirẹ̀, ìlú Lydney ni, ní òdìkejì odò Severn, níbi tí wọ́n ti ń bọ òòṣà mìíràn tó ń jẹ́ Nodens. Silvianus sọ òrùka nù. Ó kọ ọ́ sára òjé, ó fi ìdajì iye òrùka náà jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Nodens, ó ní nínú gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Senicianus, kí ara ẹnikẹ́ni má yá títí tí òrùka á fi padà. Ó dárúkọ! Kò sọ pé ì báà ṣe ọkùnrin ì báà ṣe obìnrin. Ó mọ ẹni tó mú un. Ní 1785, wọ́n rí òrùka wúrà ńlá kan nínú oko ní Silchester, jìnnà sí Lydney. Àwòrán Venus wà lórí rẹ̀. Ní etí rẹ̀, ẹnì kan ti ha ọ̀rọ̀ mìíràn sí i lẹ́yìn náà, pé kí Senicianus wà láàyè nínú Ọlọ́run. Ẹni tó ha á kánjú débi pé ó kọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì, àyè sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó kọ Ọlọ́run tán.

Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé Senicianus kan náà ni, pé orúkọ náà wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá? Krìsẹ́ńì wo ló ń ra òrùka Venus, tó wá ń ha Ọlọ́run sí i létí ní kánjúkánjú? Òun ló mú un. Ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní The Vyne, ní Hampshire, ni òrùka náà wà báyìí. Ọmọ mi ní bóyá òun á tún bí lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún àna mi pé ibẹ̀ la ó kọ́kọ́ yà.